Àrọ́bá àti Ẹ̀rí Òkúta: Àyẹ̀wò Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan sí Àwọn Ibi Àtijọ́ ní Agbègbè Inverness, Scotland

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ibi àtijọ́ mẹ́rin ní agbègbè ìlú Inverness, ní apá àríwá ilẹ̀ Scotland. Àwọn ibi náà ni òkítì òkúta Clava, pápá ogun Culloden, ilé olódi Cawdor àti àlàpà ilé olódi Urquhart tí ó wà ní etí adágún Loch Ness. Wọ́n súnmọ́ ara wọn débi pé àwùjọ ènìyàn kékeré lè fi bọ́ọ̀sì kan rìn wọ́n já láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìtàn kan tí ó gbajúmọ̀ ni ó so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ yìí gbé ìtàn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí tí àwọn awalẹ̀pìtàn àti òpìtàn ti rí, ó sì fi hàn pé ìtàn tí ó dùn jù lọ kì í sábà jẹ́ òun ni ó tọ̀nà jù lọ. Ó tún fi hàn pé òkúta pàápàá lè ṣi ènìyàn lọ́nà bí a kò bá béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ìparí, iṣẹ́ yìí dábàá ìbéèrè mẹ́rin tí olùkọ́ lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa bi ibi àtijọ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá dé.

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí fi hàn pé ẹni tí ohun kan kò ṣojú rẹ̀ ṣì lè gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí á gba gbogbo àrọ́bá wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tí ó wá kojú olùkọ́ ìtàn nìyí: nígbà tí àrọ́bá bá sọ ohun kan, tí ẹ̀rí inú ilẹ̀ sì sọ òmíràn, kí ni kí á ṣe?

Díẹ̀ ni ibi tí ìbéèrè yìí ti hàn kedere tó agbègbè Inverness. Inverness ni ìlú tí ó tóbi jù lọ ní àwọn ilẹ̀ olókè tí ó wà ní àríwá Scotland, èyí tí wọ́n ń pè ní Highlands. Ní àràárọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni bọ́ọ̀sì kéékèèké máa ń kó àwọn àlejò láti ibẹ̀ lọ sí ìgbèríko. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Amọ̀nà kan ni ó máa ń ṣáájú wọn, tí ó ń wa ọkọ̀, tí ó sì ń sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀, wọn yóò dúró níwájú ibojì tí ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ti dé ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de ẹranko àràmàǹdà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ọdún 1933.

Àǹfààní irú ìrìn-àjò yìí pọ̀. Àwùjọ kékeré lè súnmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wò, ẹni tí ó bá ní ìbéèrè sì lè béèrè. Ṣùgbọ́n ewu tirẹ̀ náà wà. Wákàtí kan péré tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń lò níbì kan. Nítorí náà, ìtàn tí ó kúrú tí ó sì dùn ni ó máa ń borí, òun náà ni àlejò sì máa ń gbé padà sílé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìtàn tí a kò yẹ̀ wò ti ba orúkọ ọba kan jẹ́ fún ohun tí ó lé ní 400 ọdún, ó sì ti sọ ogun abẹ́lé di ìjà láàrin orílẹ̀-èdè méjì. A ó tẹ̀lé ojú ọ̀nà àwọn àlejò náà, a ó sì máa yẹ ìtàn wò bí a ti ń lọ.

Òkítì Òkúta Clava

Ibi àkọ́kọ́ tí a ó dé ni Balnuaran ti Clava, lẹ́bàá odò Nairn, ní ìlà-oòrùn Inverness. Òkítì òkúta ńlá mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ. Méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun kìíní àti ìpẹ̀kun kejì ní ọ̀nà tóóró tí ó wọ inú yàrá kan láàrin gbùngbùn wọn. Èyí tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kò ní ọ̀nà rárá. Ńṣe ni ó rí róbótó bí òrùka. Àwọn òkúta gàgàrà tí wọ́n nà ró ni ó yí òkítì kọ̀ọ̀kan ká. Òrùlé àwọn yàrá náà ti wó tipẹ́, nítorí náà ojú sánmà ni ẹni tí ó bá wọ inú wọn lónìí yóò máa wò.

Ní ọ̀rúndún 19, ohun tí àwọn ọlọ́lá agbègbè náà gbà gbọ́ ni pé ojúbọ àwọn Druid ni ibẹ̀. Àwòrò ni àwọn Druid jẹ́ láàrin àwọn ẹ̀yà Celt tí wọ́n gbé ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù ní àtijọ́. Èrò yìí múlẹ̀ débi pé wọ́n gbin igi yí àwọn òkítì náà ká kí ibẹ̀ lè jọ igbó ìbọ. Àwọn igi wà níbẹ̀ títí di òní. Òjìji wọn ni ó máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ́kàn, àlejò a sì rò pé bí ibẹ̀ ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rí inú ilẹ̀ kò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, awalẹ̀pìtàn Richard Bradley àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, ìwádìí wọn sì fi hàn pé nǹkan bí ọdún 2000 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́ àwọn òkítì náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Jésù ni Julius Caesar, ará Róòmù, kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa àwọn Druid. Àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 ọdún. A kò lè fi ilé tí ó ti gbó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí a kò tíì bí.

Bí a bá ti mú àwọn Druid kúrò, a kì í fi ọwọ́ òfo kúrò ní Clava, nítorí ohun tí àwọn òkúta fúnra wọn sọ jinlẹ̀ ju ti àrọ́bá lọ. Ọ̀nà tóóró òkítì méjèèjì dojú kọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, nígbà tí ọ̀sán kúrú jù lọ nínú ọdún, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń wọ̀ máa ń gba inú ọ̀nà náà wọlé. Àwọn òkúta tí ó yí òkítì ká máa ń ga sí i bí wọ́n ti ń súnmọ́ ìhà kan náà. Àwọn tí ó kọ́lé yìí tún ṣa òkúta ní àwọ̀: pupa wà, funfun wà, wọn kì í sì í ṣe àkójọ lásán. Egungun jíjóná tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́rìí pé ibojì ni, ṣùgbọ́n iye òkú tí ó wà nínú rẹ̀ kéré gan-an sí iye òkúta tí wọ́n kó jọ. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn mìíràn tún padà wá sin òkú wọn sí ibẹ̀. Èyí fi hàn pé ibẹ̀ ti di ibi ọ̀wọ̀ lójú àwọn tí ó jogún ilẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: bí ìtàn kò bá bá ọjọ́ orí ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, ìtàn náà ni a ó fi sílẹ̀, kì í ṣe ohun náà.

Pápá Ogun Culloden

Láti Clava, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkọ̀ yóò lò kí ó tó dé Culloden. Pápá gbalasa ni, koríko àti igbó kúkúrú ni ó bò ó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun àjàkẹ́yìn láàrin àwọn Jacobite àti ìjọba, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1746. Ọ̀rọ̀ náà Jacobite wá láti inú Jacobus, èyí tí í ṣe James ní èdè Látìn. Àwọn ni alátìlẹ́yìn ìdílé Ọba James, ẹni tí wọ́n yọ lórí oyè ní ọdún 1688. Ọmọ ọmọ ọba náà, Charles Edward Stuart, gúnlẹ̀ sí Scotland ní ọdún 1745 láti gba adé padà, ó sì kó ogun dé Derby ní England kí ó tó ṣẹ́rí padà sí àríwá. Ní Culloden, nǹkan bí 5,500 ọmọ ogun rẹ̀ kojú àwọn ọmọ ogun ìjọba tí ó ju 7,000 lọ, lábẹ́ Duke ti Cumberland, ọmọ Ọba George Kejì. Ìjà náà kò tó wákàtí kan. Nǹkan bí 1,500 ni àwọn Jacobite tí ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ tí a máa ń kà ní ó kéré tán. Àádọ́ta ni ìjọba kéde pé ó kú ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbé wá sí ibẹ̀ ni pé ogun Scotland àti England ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ ọmọ ogun Scotland wà nínú ẹgbẹ́ ogun ìjọba, lára wọn ni Royal Scots àti àwọn ará Argyll tí ìdílé Campbell kó jọ. Àwọn ọmọ ogun láti Ireland àti àwọn tí ó wà lábẹ́ ọba ilẹ̀ Faransé sì jà fún Charles. Nínú ìdílé Chisholm, ọmọ kan jà fún Charles, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lára ọmọ ogun ìjọba lórí pápá kan náà. Ogun abẹ́lé ni. Ọ̀rọ̀ adé, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ ìdílé ni ó pín wọn níyà, kì í ṣe ààlà ilẹ̀ nìkan.

Ìtàn kejì ni pé idà lásán ni àwọn ará Highlands fi sáré kọlu ẹlẹ́tù. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi ẹ̀rọ tí ń wá irin yẹ pápá náà wò, wọ́n sì ti rí ọ̀pọ̀ ọta ìbọn. Ibi tí ọta náà wà àti ìwọ̀n wọn fi hàn pé àwọn Jacobite náà yin ìbọn dáadáa. Ọmọ ogun tí ó mọ ìlò ohun ìjà ìgbà wọn ni wọ́n. Ilẹ̀ ẹrẹ̀, àárẹ̀ ìrìn òru tí wọ́n rìn lásán, ebi àti ìbọn àgbá ọ̀tá ni ó ṣẹ́gun wọn.

Ohun kan wà ní Culloden tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣàkíyèsí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn òkúta kan wà lórí ibojì àwọn òkú, orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fín sí ara wọn. Àlejò máa ń dúró níwájú wọn bí ẹni pé ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n gbé wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1881 ni Duncan Forbes, ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, gbé wọn kalẹ̀ pẹ̀lú òkítì ìrántí ńlá kan. Ọdún 135 ti kọjá lórí ogun náà nígbà yẹn. Òótọ́ ni pé òkú wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n pípín tí a pín ibojì ní ìdílé-ìdílé jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ọ̀rúndún 19 sọ nípa àwọn ará ọ̀rúndún 18. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn òǹwòran eré tẹlifíṣọ̀n Outlander, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, máa ń wọ́ tìrítìrí lọ sí ìdí òkúta ìdílé Fraser nítorí ẹni àrokò kan nínú eré náà. Báyìí ni ìtàn tuntun ṣe ń gun orí ìtàn àtijọ́.

Kò tán síbẹ̀. A máa ń gbọ́ ọ pé lẹ́yìn ogun náà, ìjọba fi òfin de aṣọ, fèrè àti èdè àwọn ará Highlands. Òfin ọdún 1746 de níní ohun ìjà, ó sì ka aṣọ ìbílẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ọkùnrin láti ọdún 1747; ọdún 1782 ni wọ́n pa èèwọ̀ aṣọ náà rẹ́. Kò sí fèrè nínú ọ̀rọ̀ òfin náà, kò sì sí èdè Gaelic níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe èdè Gaelic báṣubàṣu ṣẹlẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1872 sọ ilé-ìwé di ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ ní Scotland, kò fún èdè náà ní àyè kankan. Ìran lẹ́yìn ìran ni àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé tí èdè ìyá wọn kò ti já mọ́ nǹkan. Ọdún 2005 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland tó ṣe òfin láti gbé èdè náà ró. Ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru òfin ọdún 1746 kò ní rí ipa tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kó. Fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ́ni, àṣìṣe yẹn kì í ṣe kékeré.

Ilé Olódi Cawdor

Bí a bá tún kọrí sí ìlà-oòrùn díẹ̀, a ó dé Cawdor. Ilé olódi yìí kò tíì di àlàpà. Ìdílé tí ó ni ín ṣì ni ín, wọ́n sì máa ń ṣí i fún àlejò ní ìgbà tí òtútù bá lọ. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ka Macbeth, eré onítàn tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1606. Nínú eré náà, àwọn àjẹ́ sọ fún Macbeth pé yóò di olóyè Cawdor, lẹ́yìn náà yóò di ọba. Ó gba Ọba Duncan lálejò, ó sì gún un pa lójú oorun. Nítorí eyí, ọ̀pọ̀ àlejò ni ó máa ń dé Cawdor tí wọ́n sì ń béèrè yàrá tí wọ́n ti pa Duncan.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lákọ̀ọ́kọ́, eré náà fúnra rẹ̀ kò sọ pé Cawdor ni. Ilé olódi Macbeth ní Inverness ni ó fi ìpànìyàn náà sí. Ìkejì, Macbeth tí ó gbé ayé jọba láti ọdún 1040 sí ọdún 1057. Ilé-ìṣọ́ àtijọ́ tí ó wà ní àárín gbùngbùn Cawdor kò dàgbà ju ìparí ọ̀rúndún 14 lọ, ọdún 1454 sì ni ọba fún olóyè ibẹ̀ ní àṣẹ láti mọ odi sí i. Ohun tí ó lé ní 300 ọdún ni ó wà láàrin ikú Macbeth àti òkúta tí àlejò ń fọwọ́ kàn.

Ìkẹta, Macbeth inú ìtàn kì í ṣe Macbeth inú eré. Ojú ogun ni Duncan kú sí ní ọdún 1040, nítòsí Elgin, kì í ṣe lórí ibùsùn. Kì í sì í ṣe arúgbó, ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni. Macbeth lo ọdún 17 lórí ìtẹ́. Ní ọdún 1050, ó rin ìrìn-àjò ìsìn lọ sí Róòmù, àkọsílẹ̀ ìgbà náà sì sọ pé ó fọ́n owó fún àwọn aláìní níbẹ̀. Ọba tí ìtẹ́ rẹ̀ ń mì kì í fi ìlú sílẹ̀ lọ sí irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Gruoch, wà nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ń gbé Loch Leven lọ́rẹ ilẹ̀.

Ta ni ìtàn tuntun náà wá ṣe láǹfààní? Ìwé ìtàn Holinshed ni Shakespeare gbára lé. Nígbà tí ó ń kọ eré rẹ̀, James Stuart láti Scotland ti gun orí ìtẹ́ England láti ọdún 1603, ìdílé ọba náà sì gbà pé ọ̀dọ̀ Banquo, ọ̀rẹ́ Macbeth, ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Banquo yìí ni òpìtàn Hector Boece kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1527. Àwọn òpìtàn òde òní gbà pé kò fìgbà kan wà. Eré tí ó sọ Banquo di ẹni rere, tí ó sì sọ Macbeth di apànìyàn, kò lè ṣàì dùn mọ́ ọba nínú.

Ìtàn mìíràn wà ní Cawdor tí ó gbà kí á fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní olóyè kan lá àlá pé kí òun di wúrà ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí òun sì jẹ́ kí ó máa rìn fúnra rẹ̀. Ibi tí ó bá dùbúlẹ̀ sí nírọ̀lẹ́ ni kí òun kọ́lé sí. Abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ẹranko náà dùbúlẹ̀ sí, wọ́n sì kọ́ ilé-ìṣọ́ yí igi náà ká. Irú ìtàn ìtẹ̀dó yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti gbọ́ nípa ejò tí Ọ̀rányàn tẹ̀lé kí ó tó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Ẹni tí ó bá ti rí ti Macbeth lè sọ pé irọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n igi kan wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà ní tòótọ́, ó ti kú, ó sì ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n fi ọgbọ́n kábọ̀n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, nǹkan bí ọdún 1372 ni ó bọ́ sí. Kì í ṣe irú igi tí ìtàn náà dárúkọ; igi tí wọ́n ń pè ní holly ni. Àìrí oòrùn ni ó pa á lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ odi yí i ká.

Àrọ́bá ṣi orúkọ igi náà pè, ṣùgbọ́n ó pa ohun pàtàkì mọ́: igi ti wà ṣáájú ilé, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́lé yí i ká ni. Kò sí ìwé kan tí ì bá ti pa èyí mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé yíyẹ ìtàn wò kì í ṣe ọ̀nà láti fi bú u. Nígbà mìíràn, ọ̀nà láti dá a láre ni.

Àlàpà Ilé Olódi Urquhart

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ yóò padà gba Inverness kọjá sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, yóò sì tọ etí adágún Loch Ness dé Urquhart. Orí àpáta tí ó yọ sínú omi ni àlàpà yìí wà. Ìbéèrè tí ó máa ń wá sọ́kàn àlejò ni pé, ọ̀tá wo ni ó fọ́ ọ?

Ọ̀tá kò ṣọ̀wọ́n fún un. Ọ̀rúndún 13 ni wọ́n kọ́ ilé olódi náà. Edward Kìíní, ọba England, gbà á ní ọdún 1296. Ní ọdún 1509, ọba Scotland fi í lé ìdílé Grant lọ́wọ́. Ní ọdún 1545, àwọn MacDonald kógun jà á, wọ́n sì kó ẹran ọ̀sìn àti dúkìá lọ. Síbẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó sọ ọ́ di àlàpà. Àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ ọ ni ó fọ́ ọ. Ní ọdún 1692, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba tí ó wà níbẹ̀ ń lọ, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ilé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí àwọn Jacobite má baà rí i lò. Àfọ́kù odi náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tí ó ṣubú sí. Lẹ́yìn náà, àwọn ará agbègbè kó òkúta rẹ̀ lọ láti fi kọ́lé, ìjì sì wó apá kan ilé-ìṣọ́ rẹ̀ ní ọdún 1715. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti rí bí a bá fi ojú sí bí odi náà ṣe wó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀pọ̀ àlejò kì í sí lára odi. Ojú omi ni wọ́n ń wò.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹranko Loch Ness. Àwọn kan máa ń sọ pé ìtàn ẹranko náà ti wà láti 1,400 ọdún sẹ́yìn, wọ́n a sì tọ́ka sí ìgbésí ayé Columba Mímọ́ tí Adomnán kọ. Lóòótọ́, Adomnán sọ pé Columba lé ẹranko búburú kan padà. Ṣùgbọ́n odò Ness ni ó pè é, kì í ṣe adágún náà. Nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ikú Columba ni ó sì kọ ìwé rẹ̀, kí ó lè fi agbára Ọlọ́run hàn nípasẹ̀ ẹni mímọ́ náà. Ìwé kan náà sọ pé Columba ṣe ìrìbọmi fún àgbà kan tí ó ń kú lọ ní ìhà Urquhart. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí ẹ̀rí pé odi kan wà lórí àpáta náà ní ayé àwọn Pict, ṣáájú ilé olódi tí a ń wò lónìí. Apá ìtàn tí ẹ̀rí gbè yìí ni amọ̀nà kì í sábà rántí.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1933 ni òkìkí ẹranko òde òní bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Àwòrán tí ó lókìkí jù lọ, tí ó jáde ní ọdún 1934, ni ìjẹ́wọ́ tí ó di mímọ̀ ní ọdún 1994 fi hàn pé ayédèrú ni. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Neil Gemmell ṣáájú bu omi adágún náà láti ibi púpọ̀, wọ́n sì yẹ DNA inú rẹ̀ wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 ni pé kò sí àmì ẹranko afàyàfà ńlá kankan, ṣùgbọ́n àmì ẹja eel, ẹja gígùn bí ejò, pọ̀ níbẹ̀. Àlejò tí ó bá fi ẹ̀yìn sí àlàpà nítorí ẹranko ti fi ohun tí ó wà sílẹ̀ nítorí ohun tí kò sí.

Ohun tí Olùkọ́ Lè Rí Dì Mú

Láti inú àyẹ̀wò yìí, ìbéèrè mẹ́rin ni a dábàá fún olùkọ́ tí ó bá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ibi àtijọ́.

Ìkíní: ọmọ ọdún mélòó ni ohun tí a ń wò? Clava àti Cawdor fi hàn pé ìbéèrè yìí nìkan lè tú ìtàn ńlá palẹ̀. Culloden sì fi hàn pé a gbọ́dọ̀ bi òkúta ibojì pàápàá.

Ìkejì: ta ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, nígbà wo sì ni? Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ṣojú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó kọ ọ́ lẹ́yìn 100 ọdún, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ó fi ṣe eré lẹ́yìn 500 ọdún.

Ìkẹta: ta ni ìtàn náà ṣe láǹfààní? Òùngbẹ ọlá àwọn ọlọ́lá ni ó gbin igi sí Clava. Ìfẹ́ ọba ni ó yí orúkọ Macbeth padà. Ọjà àwọn aláfẹ́ ni ó sì ń bọ́ ẹranko Loch Ness.

Ìkẹrin: kí ni ìtàn náà pa mọ́ tí kò sí níbòmíràn? Igi Cawdor ni ẹ̀rí pé a kò gbọdọ̀ fo ìbéèrè yìí. Olùkọ́ tí ó bá béèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó sì fi èyí sílẹ̀ yóò sọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di ẹlẹ́gàn, kò ní sọ wọ́n di òpìtàn.

Àwùjọ kékeré ni ó dára jù fún irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pọ̀, olùkọ́ lè pín ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn kí wọ́n tó gbéra, kí olúkúlùkù máa wá ìdáhùn tirẹ̀ bí amọ̀nà ti ń sọ̀rọ̀. Ó sì sàn kí wọ́n wo ibi méjì dáadáa ju kí wọ́n sáré wo márùn-ún lọ. Nígbà tí wọ́n bá padà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sí apá kan ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fojú rí sí apá kejì. Ibi tí méjèèjì kò ti bára mu ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tẹ̀lé ojú ọ̀nà ìrìn-àjò ọjọ́ kan láti Clava dé Urquhart. A rí i pé àwọn Druid kọ́ ni ó kọ́ òkítì Clava, pé Culloden kì í ṣe ogun orílẹ̀-èdè méjì, pé Macbeth kò mọ ilé olódi Cawdor, àti pé àwọn tí ó ń ṣọ́ Urquhart ni ó fọ́ ọ. A sì rí i pé àrọ́bá tí ó sọ nípa igi kan lábẹ́ ilé kò purọ́ tán.

Kì í ṣe ẹ̀bi amọ̀nà pé ìtàn dídùn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kan kúrú, ọ̀nà sì jìn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ní ju ọjọ́ kan lọ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ojúṣe rẹ̀ ni láti mú wọn padà síwájú òkúta náà, bí kò tilẹ̀ ju nínú àwòrán lọ, kí ó sì bi wọ́n pé: kí ni a sọ fún yín, kí sì ni ẹ rí?